Mo tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà mi ò dáhùn

Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ìtìjú náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo ni ìtìjú yẹn, nítorí náà ẹ rọra rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí fọ́tò tí mo gbé síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Èyí tí mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun, tí mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó"? Ẹ yìn mí títí. Ẹ pè mí ní ẹnjiníà. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n wá bá òun to tòun.

Ohun tí mi ò sọ fún yín ni pé nígbà tí mo ya fọ́tò yẹn, mi ò tíì tan kọ̀ǹpútà náà wò.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ kan náà, mo ki pọ́ọ̀gì bọ sókẹ́ẹ̀tì, mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ gé kéèkì ọjọ́ ìbí, mo tẹ bọ́tìnnì.

Kò sí nǹkan kan.

Fáànù ò yí. Iná bíńtín ò tàn. Mo tún un tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mi ò jẹ́ kó dìde. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, mo fi ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bíi pé ìka mi ló ní ìṣòro. Ó dákẹ́ bí òkúta. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lóòótọ́, àmọ́ èmi ni wọ́n ṣẹ́gun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí àyà mi fi já tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Mò ń gé fídíò ìgbéyàwó, mò ń ṣe kátúùnù fún àwọn ọmọdé. Laptop mi àtijọ́ ti rẹ̀. Bí mo bá gbé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún un pé kó parí ẹ̀, màá sùn, màá jí, kò ní tíì ṣe é dé ìdajì. Ooru tó ń jáde lára rẹ̀, èèyàn lè fi yan bọ̀ọ̀lì.

Oṣù mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú owó, síbẹ̀ kò tó. Màámi ló kó àjọ tiwọn fún mi. Àjọ yẹn, fírísà ni wọ́n fẹ́ fi rà, kí wọ́n lè máa ta omi tútù àti mínírà níwájú ilé. Wọ́n ka owó náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Fírísà lè dúró. Iṣẹ́ tìẹ ò lè dúró." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti gba irú owó yẹn rí mọ̀ pé ó wúwo ju owó báǹkì lọ.

Iṣẹ́ kan sì wà nílẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ṣáà mọ orúkọ tí ọjọ́ yẹn ń jẹ́. Mi ò fẹ́ kó ro mí.

Bí mo ṣe ra àwọn nǹkan rẹ̀ nìyí. Mo wọ mọ́tò ní Ìwó Road n'Íbàdàn, mo lọ sí Ìkẹjà, ó di Computer Village. Ẹni tó bá ti dé Òtígbà rí ò nílò àlàyé. Ẹsẹ̀ ò gbèrò, gbogbo èèyàn ló ń fà ọ́ lápá: "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà? Àǹtí, ẹ wá wo tiwa." Mo ra motherboard, mo ra processor, RAM, SSD àti graphics card. Power supply, ọwọ́ ọmọkùnrin kan tí ò lè dàgbà jù mí lọ ni mo ti rà á. Ó yọ ọ́ nínú páálí níṣojú mi, ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn rìsíìtì, ó ní bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ kí n pe òun.

Casing nìkan ni mo rà ní àlòkù, n'Íbàdàn níbí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ kó kúrò ládùúgbò wa. Ẹ fi casing yẹn sọ́kàn. A máa padà sórí ẹ̀.

Mo wo fídíò bí wọ́n ṣe ń tò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo fi odidi ọ̀sán kan tò ó. Ihò síkúrù mẹ́sàn-án ló wà lára motherboard mi, síkúrù mẹ́sàn-án ló sì wọlé, kò ku ihò kan tó ṣófo. Gbogbo wáyà wà níbi tí mo rò pé ó yẹ kó wà. Ó rẹwà. Mo ya fọ́tò.

Ó wá kọ̀, kò tàn.

Kí ni mo kọ́kọ́ ṣe? Ṣé mo fara balẹ̀? Rárá o. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù.

Mo kọ́kọ́ bú NEPA. Àmọ́ gílóòbù ń tàn lókè orí mi. Mo bá yí i sórí àwọn ará abúlé. Mo rántí bàbá àgbà kan tó wò mí láti òkè délẹ̀ níbi ìsìnkú lọ́dún tó kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre, alẹ́ ti lẹ́, ojú mi ti ń ṣú.

Màámi yọjú. "Ṣé ó ti tàn?"

"Ó máa tàn, mà."

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí, wọ́n jáde. Wọ́n gbé òróró àdúrà dé, wọ́n fi ìka tọ́ ọ sí iwájú casing. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má jẹ́ kó kán sínú o!"

Ẹni tó wá kàn ni ọmọkùnrin tó ta power supply fún mi. Aago mọ́kànlá ti kọjá nígbà tí mo pè é. Mi ò kí i. Mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Mo ní olè ni. Mo ní ó jẹ owó màámi. Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní kọ síbí.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ dé ibì kan. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà bọ́tìnnì wò, ibi tí ẹ fi sí..." Mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Mo gé fóònù.

Ariwo yẹn ló jí bàbá mi.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa wọn. Iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ṣe. Ọdún 26 ni wọ́n fi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, tí wọ́n ń tún rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ káséètì ṣe. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òórùn òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti wọlé. Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ dé, fóònù dé, àwọn èèyàn ò tún rédíò ṣe mọ́, òmíràn ni wọ́n ń rà. Ẹnì kan ti ń ṣe POS nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, laptop mi bàjẹ́, bàbá mi ní kí n gbé e wá kí àwọn wò ó. Mo ní, "Bàbá, kọ̀ǹpútà kì í ṣe rédíò o."

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò tún bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ló dé?"

"Ó kọ̀, kò tàn, sà."

Wọn ò wọlé. Wọ́n ní, "Ṣé kí n wá wò ó?"

Ẹ gbọ́ mi. Bàbá mi ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó wọ yàrá nínú ilé tí àwọn fúnra wọn kọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọn ò gbàgbé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wọlé."

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n ní, "Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ fún mi: ibo ni iná ti ń wọlé, ibo ló ń gbà, ibo ló ń lọ?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní iná ń ti ara ògiri wọ inú power supply. Iná ògiri pọ̀, 230 fóltì, power supply ló máa sọ ọ́ di kékeré: 12, 5, àti 3.3. Wáyà gbọọrọ kan tó ní ihò 24 lẹ́nu ló ń gbé e fún motherboard. Òmíràn tó ní ihò mẹ́jọ ń gbé tiẹ̀ lọ fún processor. Motherboard á wá pín in fún àwọn tó kù.

Wọ́n mi orí. Wọ́n rọra ní, "Rédíò náà ni."

Mi ò lè fèsì.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Iná la máa tẹ̀ lé. Ibi tí a bá ti pàdánù rẹ̀, ibẹ̀ la máa dúró sí. Ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan o. Tó o bá yí nǹkan méjì pọ̀ tó sì tàn, o ò ní mọ èyí tó ṣe é. Tó bá tún kú lọ́la, òkùnkùn náà lo máa padà sí."

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ mi, kó mú ìyẹn.

A bẹ̀rẹ̀ láti ara ògiri. Wọ́n gbé mítà wọn wá, èyí tí wọ́n ti fi ìlẹ̀mọ́ dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ó ti là. Wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì: 218. Iná wà. A yọ okùn tó lọ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, a fi ti mọ́nítọ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí irú kan náà ni wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀. A wo switch kékeré tó wà lẹ́yìn power supply. Ibi I ni títàn, ibi O ni pípa. Tèmi wà lórí I. Ìyẹn náà dáa.

Ó wá kan power supply fúnra rẹ̀. Mo ti gbé súkúrúdíráífà láti tú u. Bàbá mi di ọwọ́ mi mú.

"Èyí, a kì í tú u."

Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tó ní ìdí gbọọrọ, o lè yọ ọ́ lára iná kí iná tó ju 20,000 fóltì lọ ṣì jókòó sínú gíláàsì rẹ̀. Ó ti gbé wọn lu ògiri lẹ́ẹ̀kan rí. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ń gba iná ògiri sínú láti sọ ọ́ di kékeré, ó lè tọ́jú díẹ̀ pamọ́ de ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojú mìíràn. Òótọ́ ni. Power supply kọ̀ǹpútà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má tú u o, kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ lára iná.

Ọ̀nà wà láti dán an wò láì tú u. A pa switch rẹ̀, a yọ gbogbo wáyà rẹ̀ kúrò lára ohun gbogbo. Nínú ẹnu oníhò 24 yẹn, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà. Tó bá fara kan ọ̀kan nínú àwọn wáyà dúdú, power supply á rò pé motherboard ló ní kí òun dìde. (Tó bá jẹ́ pé dúdú ni gbogbo wáyà tìẹ, wá àwòrán ẹnu oníhò 24 yẹn kó o tó fọwọ́ kàn án.) Mo na klíìpù ìwé kan tọ́, mo fi so méjèèjì pọ̀. Mo mú ọwọ́ kúrò. Mo tan switch.

Fáànù rẹ̀ yí. Fúúúú.

Bàbá mi fi mítà kan wáyà aláwọ̀ òféèfèé: 12.1. Wọ́n kan pupa: 5. Wọ́n kan aláwọ̀ ọsàn: 3.3. Gbogbo rẹ̀ pé.

Wọ́n gbójú sókè. "Ta lò ń bú lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan?"

Mo wo ilẹ̀.

"Ẹni tó ta èyí fún ẹ ò rẹ́ ẹ jẹ."

A da gbogbo wáyà padà. Ó wá ku bọ́tìnnì. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo ni èyí ń ṣe?" Mo fẹ́ sọ pé òun ló ń gbé iná wọlé. Nígbà tí mo ro ó dáadáa, mo rí i pé irọ́ ni. Bọ́tìnnì yẹn ò gbé iná kankan wọlé. Wáyà tín-ín-rín méjì ló ti ìdí rẹ̀ lọ sórí irin kékeré méjì lára motherboard. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, méjèèjì á fara kanra fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó tán. Motherboard ló máa gbọ́, tó máa sọ fún power supply pé ó yá.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Á à. Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹni tó ń kígbe 'àgò onílé o' ni. Onílé ló máa wá ṣílẹ̀kùn. Ó dáa, ẹnu ọ̀nà ta ló ti ń kígbe?"

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ìsàlẹ̀ motherboard. Mo ṣí ìwé tó bá a wá nínú páálí, fún ìgbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà àkọ́kọ́. Irin mẹ́sàn-án ló tò síbẹ̀ ní ìlà méjì. Mo ti fi wáyà bọ́tìnnì sórí méjì tó wà fún iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí díìsìkì bá ń ṣiṣẹ́.

Gbogbo alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ni mo ti ń kígbe àgò.

"Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà bọ́tìnnì wò, ibi tí ẹ fi sí..." Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn padà sí mi létí. Ó ti sọ fún mi. Olè tí mò ń bú ti sọ fún mi.

Mo yọ ọ́, mo fi sí ibi tó yẹ. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Fáànù ta kìjí, ó yí ìdajì, ó dúró. Ó tún dákẹ́.

Ẹ̀yin tèmi, mo sunkún. Ẹkún gidi. Ó dára kó má tàn rárá ju kó ta lójú ẹni kó tún kú. Àmọ́ bàbá mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ti dáhùn, ìwọ ń sunkún! Òkú kì í ta. Nǹkan kan wà tí ò jẹ́ kó jókòó ni." Wọ́n dìde. "Lọ sùn. Mi ò fi ojú oorun wá àléébù rí."

Ilẹ̀ mọ́, ó di Ọjọ́rú. Bàbá mi ti jókòó sórí àpótí kí n tó fọ ẹnu.

A bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan. A yọ graphics card, a dán an wò. Ó ta, ó kú. A yọ SSD. Ó ta, ó kú. A yọ RAM kan, ó ku ọ̀kan. Ó ta, ó kú.

Wọ́n ní, "Kí ló kù tá ò tíì yọ?"

Mo ní, "Kò sí mọ́, sà. Ó ku motherboard àti casing."

"Ó dáa. Yọ ọ́ kúrò nínú casing."

Mo tú síkúrù mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo gbé motherboard sórí páálí tó bá a wá, pẹ̀lú processor, fáànù orí rẹ̀ àti RAM kan ṣoṣo. Mo ki wáyà power supply méjèèjì sí i. Kò sí bọ́tìnnì níbẹ̀, nítorí náà mo fi ẹnu súkúrúdíráífà kan irin bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀.

Fáànù yí. Ó ń yí. Ó ń yí lọ. Mo ka dé 30, kò dúró.

Mo da nǹkan gbogbo padà sínú casing. Ó ta, ó kú.

Bàbá mi ní, "Ẹni tó jókòó ò ní wàhálà. Àga ni ká yẹ̀ wò."

Wọ́n gbé casing òfìfo lọ síbi fèrèsé, wọ́n dojú rẹ̀ kọ oòrùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò tò ó rí, àwọn òpó idẹ kéékèèké wà nínú casing tí motherboard máa ń jókòó lé. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé e kúrò lára irin, nítorí ẹ̀yìn motherboard kún fún òjé ṣóńṣó ṣóńṣó tí nǹkan kan ò bò. Tí irin bá kan àwọn ṣóńṣó yẹn, iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà.

Bàbá mi ń fi ìka tọ́ àwọn òpó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó.

"Mẹ́wàá. Síkúrù mélòó lo lò?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò mí títí ó fi yé mi.

Ẹni tó ni casing yẹn tẹ́lẹ̀, motherboard tirẹ̀ kéré sí tèmi. Ó nílò òpó kan níbi tí tèmi ò ní ihò. Ó yọ motherboard rẹ̀ lọ, ó fi òpó sílẹ̀. Mo fi àwọn òpó tó kù kún un, mo gbé tèmi lé e lórí, mo dì í pinpin. Láti iwájú, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Lẹ́yìn, òpó kẹwàá ń gún un níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí.

Mo bi ara mi pé kí ló dé tí nǹkan kan ò jó. Bàbá mi náà bi mí. "Tó bá ta, tó kú, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní power supply tó dáa máa ń ṣọ́ iná tó ń gbé jáde. Tó bá rí i pé iná gba ibi tí kò yẹ, á pa ara rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́.

Wọ́n ní, "Èyí tó o pè ní ayédèrú, àbí òmíràn?"

"Òun ni, sà."

"Ayédèrú ì bá ti gbà. Á máa gbé iná lọ títí èéfín á fi jáde. Èyí ní rárá. Iye ìgbà tó o tẹ bọ́tìnnì, iye ìgbà yẹn ló ní rárá. Owó ìyá rẹ ló ń ṣọ́."

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tí mo fi pe ẹnì kan ní olè, òun ni kò jẹ́ kí owó màámi di èéfín.

Bàbá mi fi ìka yí òpó kẹwàá, ó jáde. Kò tóbi ju ẹ̀wà kan lọ. Wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Mo tún gbogbo rẹ̀ tò. Aago mọ́kànlá àárọ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó tàn. Fáànù mẹ́ta yí, kò sí èyí tó dúró. Mọ́nítọ̀ ṣì dúdú fún bí ìṣẹ́jú méjì, nítorí mo ki okùn rẹ̀ sí motherboard dípò graphics card. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Màámi sáré ti ilé ìdáná wá, ọṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo iná tó ń tàn, wọ́n jó díẹ̀. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín, òróró yẹn ni." Èmi àti bàbá mi wo ara wa. A ò bá wọn jiyàn.

Nígbà tó dọ̀sán, mo pe ọmọkùnrin yẹn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ti alẹ́ àná lọ. Mo kọ́kọ́ kí i. Mo ní power supply tó tà fún mi dáa. Mo ní èmi ni mo ṣe àṣìṣe, ibi tó ní kí n yẹ̀ wò gan-an ni àṣìṣe àkọ́kọ́ wà. Mo ní kó dárí jì mí fún orúkọ tí mo pè é.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, kò sí wàhálà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe àwa ní olè. Nígbà tó bá tàn, wọn kì í pè padà." Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí ló wá ṣe é gan-an?" Mo sọ ọ̀rọ̀ òpó kẹwàá fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn oníbàárà òun pé kí wọ́n máa ka òpó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ to tiyín, tí ó bá kọ̀ tí kò tàn, ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní olè. Ẹ tẹ̀ lé iná:

Ẹ yẹ sókẹ́ẹ̀tì àti okùn wò. Ẹ fi nǹkan mìíràn dán sókẹ́ẹ̀tì yẹn wò.

Ẹ wo switch ẹ̀yìn power supply. Kó wà lórí I.

Ẹ tẹ ẹnu oníhò 24 mọ́lẹ̀ dáadáa, kó dún. Ẹ wo ti processor náà, oníhò mẹ́jọ tàbí mẹ́rin, lókè motherboard. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé motherboard, ẹ wá ibi tí wáyà bọ́tìnnì ń jókòó. Fọ́tò orí íńtánẹ́ẹ̀tì lè yàtọ̀ sí tiyín.

Ẹ yọ RAM, ẹ dá a padà, kó dún. Ẹ fi ọ̀kan ṣoṣo dán an wò.

Tó bá ta tó kú, ẹ gbé e kúrò nínú casing, ẹ gbé e lé páálí. Tó bá tàn níbẹ̀, ẹ ka òpó, ẹ ka ihò.

Kí ẹ sì yọ okùn lára iná ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Mo fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Owó rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé. Mo ti kó ìdajì rẹ̀ fún màámi, wọ́n ti ń lọ wo fírísà.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí mo fẹ́ dé casing lọ́jọ́ yẹn, mo yí sí bàbá mi. Mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe rédíò. Ẹ má bínú."

Wọ́n ní, "Dúró ná, má tíì dé e."

Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n mú máákà dúdú kan jáde. Gbogbo rédíò tí wọ́n tún ṣe ní Mọ́kọ́lá, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ àti àléébù rẹ̀ sínú ìdérí, kí ẹni tó bá máa tú u lẹ́yìn wọn lè mọ ibi tí wọ́n dé. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kọ ọ́. Wọ́n na máákà náà sí mi.

Wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ ni. Kọ ọ́."

Mo kọ ọjọ́ náà. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Òpó mẹ́wàá, ihò mẹ́sàn-án." Mo dé e.